Obìnrin Tí Wọ́n Ń Pa Lójoojúmọ́

Kí gbogbo ayé gbọ́, kí ẹnì kankan má sì wí lọ́la pé wọn ò sọ fún òun: obìnrin tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í gbà kí wọ́n pa òun láìbọ́ bàtà. Bí apààyàn bá ti gbé ọ̀bẹ sókè tán, bí bàtà bá ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, á ní kó dúró ná. Á bẹ̀rẹ̀, á bọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kó tó wá na ọrùn fún ikú. Apààyàn náà kì í bínú. Onísùúrù ni.

Ohun tó fà á ni pé bàtà máa ń dún. Máìkì tó wà ní sítúdíò tí obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, etí rẹ̀ mú ju etí ìyá ọkọ lọ. Bí wọ́n bá ń fún ènìyàn lọ́rùn, tí bàtà wá dún fín-ín, ikú náà bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n á ní kó tún kú.

Iṣẹ́ wọn níbẹ̀ ni pé kí wọ́n kó fíìmù adẹ́rùbani ayé àtijọ́, àwọn aláwọ̀ dúdú-òun-funfun tí àwọn ọkùnrin inú wọn kì í ṣí fìlà nínú ilé, kí wọ́n yọ èdè tí wọ́n ń sọ kúrò, kí wọ́n fi èdè tiwa sí wọn lẹ́nu, kí tẹlifíṣọ̀n lè máa fi wọ́n hàn lọ́sàn-án Sátidé. Àwọn ọkùnrin inú fíìmù wọ̀nyí ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ. Àwọn obìnrin ibẹ̀ máa ń béèrè pé, "Ta nìyẹn?" lẹ́yìn náà wọ́n á figbe ta. Obìnrin yìí ló ń béèrè, òun náà ló ń figbe ta. Wọ́n ti gún un lọ́bẹ nínú ọkọ̀ ojú irin, wọ́n ti tì í ṣubú láti orí òrùlé, wọ́n ti rì í sódò pẹ̀lú aṣọ ìyàwó lọ́rùn rẹ̀. Nítorí pé ó ń kú láàárọ̀, ó sì ń jẹun ọ̀sán, Àkúdàáyà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Orúkọ náà bá a délé.

Ẹni tó ń fi ohùn sí gbogbo apààyàn inú fíìmù lẹ́nu jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ohùn rẹ̀ wúwo bí ẹni ń wọ́ pósí. Apààyàn ni wọ́n ń pe òun náà. Aáyán kan yọ sí i nídìí máìkì lọ́jọ́ kan. Orí tábìlì ni wọ́n ti bá a. Ẹnì kẹta wọn ni Baba Ariwo, tó ń ṣe ohùn ohun gbogbo tí kò ní ẹnu. Ìbẹ́pẹ ló fi ń ṣe ikùn tí ọ̀bẹ ń wọ̀. Igi gbígbẹ tó fi táwẹ́ẹ̀lì tútù wé ló fi ń ṣe egungun. Bí ó bá gbá kábéèjì mọ́lẹ̀, o ó fọwọ́ kan orí ara rẹ wò. Ọjọ́ tí wọ́n bá pa obìnrin púpọ̀, gbogbo wọn á jẹ ìbẹ́pẹ relé.

Kí Àkúdàáyà lè mọ ibi tí igbe kan yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò parí sí, ó máa ń gbé fíìmù lọ sílé, á máa fi kọ́ra ní ìrọ̀lẹ́ nínú pálọ̀. Òkè ilé alájà kan ló ń gbé. Ìyá Ìsàlẹ̀, àgbà télọ̀ tí orúnkún ń dà láàmú, ló wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an. Onígbàjámọ̀ sì ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́nu ọ̀nà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí igbe náà sọ, àwọn aládùúgbò rọ́ gòkè pẹ̀lú igi àti ọmọ odó. Wọ́n bá a lórí ìdúró, ife omi lọ́wọ́.

"Ta ló ń pa ọ́?" onígbàjámọ̀ bi í, ó ń mí hẹlẹ.

"Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún aago ṣe ni," Àkúdàáyà ní. "Ẹ má bínú. Ó ṣì máa pa mí lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó dáná."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Láti ọjọ́ náà, bí igbe bá ti sọ, àdúgbò á ní, "Àkúdàáyà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́," oníkálukú á sì padà sídìí ohun tó ń ṣe. Kò pẹ́ tí wọ́n fi di ọ̀mọ̀ràn nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìyá Ìsàlẹ̀ á fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan àjà láti ìsàlẹ̀: "Èyí ò lágbára! Àbí o ò jẹun ni?"

Ọkọ Àkúdàáyà ń kọ́ àwọn ènìyàn ní mọ́tò wíwà. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn: "Jẹ́jẹ́, mà. Ẹ tẹ búrèkì jẹ́jẹ́." Wọ́n ti fi mọ́tò rẹ̀ kọ lu òpó iná, kò jágbe. Wọ́n ti wà á wọ gọ́tà, ó ní kò burú. Nígbà tó wá fẹ́ Àkúdàáyà, ìyá ìyàwó ní, "Ọkùnrin tí kì í pariwo, kí lo tún ń wá?" Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé Jẹ́jẹ́ kì í gbé ohùn sókè. Òótọ́ ni. Ọwọ́ ló máa ń gbé sókè.

Ohun tó bí i nínú lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni pé ìyàwó rẹ̀ ń bá Apààyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹni tó ń pa ọ́ lò ń bá rẹ́rìn-ín," Jẹ́jẹ́ wí.

Ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra gbé e sórí tábìlì, ó wá yọ bẹ́líìtì. Apá ibi tí irin wà ló fi nà án. Ó bà á lẹ́nu, ó bà á lẹ́yìn etí, ẹ̀jẹ̀ ta sára kọ́tìnì. Obìnrin náà figbe ta. Kò sí fíìmù kankan nínú igbe náà.

Ọwọ́ ìgbálẹ̀ kan àjà láti ìsàlẹ̀. "Èyí dáa!" Ìyá Ìsàlẹ̀ ké. "Èyí dáa ju ti àná lọ!"

Onígbàjámọ̀ náà ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá òun. "Kó fà á gùn díẹ̀ sí i!" ó kígbe láti ẹnu ọ̀nà. "Níbi ìparí yẹn! Kó fà á gùn!"

Jẹ́jẹ́ dúró, bẹ́líìtì lókè. Ó tẹ́tí. Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kékeré, bí ẹni tó rí nǹkan he lójú ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, ìrọ̀lẹ́, àkókò tí ìyàwó rẹ̀ fi ń kọ́ iṣẹ́, ló máa ń nà án. Kó tó bẹ̀rẹ̀, á kọ́kọ́ lọ ṣí fèrèsé.

Àkúdàáyà ní àbúrò obìnrin kan ní yunifásítì. Ẹ̀kọ́ fíìmù lọmọ náà ń kọ́, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn òbí wọn ṣì ń bi í ohun tó ń kọ́. Iṣẹ́ ìwádìí tó fẹ́ fi gboyè dá lórí bí wọ́n ṣe ń sọ ìtàn nínú fíìmù adẹ́rùbani àtijọ́, àti ipò tí wọ́n to ọkùnrin àti obìnrin sí nínú ìtàn náà. Ó máa ń wá lọ́sàn-án Sátidé, á jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọ́n á fi fíìmù tí ẹ̀gbọ́n gbé wálé sínú ẹ̀rọ, wọ́n á jọ máa wo bí wọ́n ṣe ń pa á.

"Ẹ dá a dúró, ẹ̀gbọ́n mi," ó wí lọ́jọ́ tí wọ́n ń wo fíìmù ọ̀gbẹ́ni tó ń tún aago ṣe. Obìnrin kan wà lójú tẹlifíṣọ̀n, ó kọ ẹ̀yìn síta, ó ń ya irun. "Ojú ta la fi ń wò ó?"

"Ojú wa ni. Ojú ta ni kì bá jẹ́?"

"Ṣé ẹ̀yin lẹ wà lẹ́yìn kọ́tìnì yẹn?"

Àkúdàáyà wo kọ́tìnì náà dáadáa. "Rárá o. Atúnaagoṣe ló wà níbẹ̀."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ojú apààyàn ni wọ́n gbé wọ̀ wá. Àtàárọ̀ la ti ń bá a dọdẹ obìnrin yìí, a ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kó máa lọ." Ọ̀bẹ wọlé, ó jáde, ó tún wọlé, ẹ̀jẹ̀ dúdú ta bo gbogbo dígí inú yàrá náà. "Ó ti kú. Ìtàn ta ni báyìí?"

"Ti ọlọ́pàá tó ń wá ẹni tó pa á."

"Obìnrin yìí ńkọ́? Kí ló wá ṣe nínú ìtàn?"

"Ó wá kú."

"Ó wá kú kí ìtàn lè rí ẹsẹ̀ rìn! Ọkùnrin ló ń lọ, ọkùnrin ló ń bọ̀, ọkùnrin ló ń sá, ọkùnrin ló ń lé e. Obìnrin ni ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbà kọjá. Ẹ tún wo ibi tó ń sá sí. Apààyàn wà ní pálọ̀, ó sá wọ yàrá. Apààyàn bá a dé yàrá, ó sá wọ balùwẹ̀. Iná ń jó o, ó ń sá wọ ààrò. Ta ló rán an?"

"Ẹni tó kọ fíìmù náà ló rán an," Àkúdàáyà dáhùn. "Ìwọ náà ò kú rí, o ò lè mọ̀. Bó o bá gba ẹnu ọ̀nà ìta jáde, fíìmù parí nìyẹn, gbogbo wa á wá jókòó sílé."

Àbúrò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò tíì fẹ́ dákẹ́. "Ẹyọ kan tó bá wá yè nínú wọn, ó máa ń jẹ́ pé ó pa ẹnu mọ́, ó mú nǹkan dání. Bó bá ti là á já tán, ọlọ́pàá á bọ́ kóòtù, á fi bò ó léjìká, á wá dà bíi pé ọlọ́pàá ló gbà á là. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tí ìtàn kan gbà pé ìyà jẹ, ẹ má wo ẹ̀jẹ̀. Ẹ wo èjìká tí wọ́n da kóòtù bò."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹnu ò gbà fún un. Àbúrò wo ẹnu náà. Ó na ọwọ́, ó ká gèlè rẹ̀ sókè níbi etí. Etí náà ti wú, ó pọ́n, ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ yí i ká.

"Kí lèyí?"

"Iṣẹ́ ni. Mo ṣubú ní sítúdíò."

"Ẹnu lẹ fi ń kú ní sítúdíò. Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí kú?"

Àkúdàáyà fa gèlè padà bo etí náà. Fíìmù ń lọ níwájú wọn. Ọlọ́pàá ti dé, ó ń tan sìgá lórí òkú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé àwọn ará ilé yìí ò gbọ́ ni?"

"Wọ́n gbọ́," ó wí. "Ó wù wọ́n."

Ọmọ náà pa tẹlifíṣọ̀n. Ó sunkún díẹ̀, ó nu imú, ó wá sọ̀rọ̀ bí àgbà. "Ẹ di ẹrù yín. Lọ́jọ́rú, bó bá ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ ṣe ìdánwò, màá gbé takisí wá. Bẹ́ ẹ bá tún dúró nínú ilé yìí, èyí tó kàn, ẹ ò ní jí jẹun ọ̀sán."

Nígbà tí ọ̀sán Ọjọ́rú pọ́n, àpótí ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Aṣọ kan ṣoṣo ló kù tí Àkúdàáyà ń fi áyọ́ọ̀nù lọ̀, èyí tó máa wọ̀ jáde, nítorí pé àwọn obìnrin ìdílé wọn kì í fi aṣọ rírún sá kúrò nílé ọkọ. Ilẹ̀kùn ṣí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ti wa mọ́tò gun pèpéle, wọ́n sì ti lé gbogbo wọn wálé. Jẹ́jẹ́ wo ìyàwó rẹ̀, ó wo àpótí. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó rìn lọ ṣí fèrèsé kan, ó ṣí èkejì.

"Bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ," ó wí.

Ìkúùkù àkọ́kọ́ bà á lágbárí. Èkejì bà á lẹ́nu; ó gbọ́ bí eyín ṣe kán, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé igi gbígbẹ Baba Ariwo kò sún mọ́ ọn rárá. Ó fẹ̀yìn lu tábìlì, ó ṣubú. Jẹ́jẹ́ fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ níhà títí egungun kan fi kán. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì dì í lọ́rùn mú. Sùúrù tó fi ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń yí jíà ló fi ń fún un.

Ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ṣí sílẹ̀ lápá òsì. Àkúdàáyà rí i. Gbogbo obìnrin inú fíìmù tó ti fún lóhùn rí ló gba ibẹ̀ lọ. Igbe wà lọ́fun rẹ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò ọkọ rẹ̀, ìwọ̀nba atẹ́gùn tó kù sì tó láti fi gbé e jáde. Ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí igbe náà máa mú wá: ọwọ́ ìgbálẹ̀ lára àjà, àti ìmọ̀ràn.

Ó pa á mọ́ra. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó fa wáyà, áyọ́ọ̀nù já bọ́, ó gbá a mú. Ó gbé e lé ọkọ rẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń lọ kọ́là. Nígbà tó gbé e kúrò, awọ bá a lọ.

Jẹ́jẹ́ figbe ta.

Ẹ jẹ́ ká fún igbe náà ní ọ̀wọ̀ tirẹ̀. Ní ti iṣẹ́ ọnà, kò dára. Atẹ́gùn ò sí lábẹ́ rẹ̀, imú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ní sítúdíò ni, wọ́n á ní kó lọ mumi kó wá tún un ṣe. Ṣùgbọ́n igbe ọkùnrin ni. Ìyá Ìsàlẹ̀ ju ìgbálẹ̀ nù. Onígbàjámọ̀ fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú orí fífá lápá kan. "Wọ́n ń pa ọkùnrin o! Ẹ jáde o, wọ́n ń pa ọkùnrin!" Ilẹ̀kùn tí igbe obìnrin kò tíì mì láti ọjọ́ yìí wá, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi já a.

Wọ́n bá obìnrin lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ẹnu rẹ̀ dé àyà, áyọ́ọ̀nù ń rú èéfín lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n bá ọkùnrin nílẹ̀, ó fọwọ́ bo ojú, ó ń ké pe ìyá rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ò béèrè nǹkan. Ó fò lé obìnrin náà, ó lọ́ apá rẹ̀ sẹ́yìn, ó tẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnì kan ta á nípàá níhà tó ti kán. Wáyà áyọ́ọ̀nù náà ni wọ́n fi dè é. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó dákẹ́ láyé rẹ̀, ọjọ́ náà ni wọ́n sọ ọ́ di apààyàn.

Kí àbúrò rẹ̀ tó gbé takisí dé, wọ́n ti ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sẹ́yìn mọ́tò ọlọ́pàá. Jẹ́jẹ́ jókòó sórí àga onígbàjámọ̀ níta. Ẹnì kan ti bọ́ kóòtù, ó ti fi bò ó léjìká.

Ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá jẹ́ ọkùnrin sísanra kan tó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú igi ìtayín lẹ́nu. Ohun tó wà níwájú rẹ̀ kò le. Bí ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí bá dúró, obìnrin yìí fẹ́ pa ọkọ rẹ̀, ẹ̀wọ̀n sì ń dúró dè é. Ọkọ á gba ìtọ́jú, á padà sílé. Wọ́n ti fi báńdéèjì wé Jẹ́jẹ́ lójú kan, kóòtù ṣì wà léjìká rẹ̀.

"Ta ló kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹnì kejì?" ọ̀gá bi àwọn aládùúgbò.

"A ò mọ ìyẹn, sà," onígbàjámọ̀ ní. "Igbe ọkùnrin la gbọ́."

"Obìnrin ò ké?"

"Lónìí, kò ké. Bó bá tiẹ̀ ké, sà, kì í ṣe ẹ̀rí. Ojoojúmọ́ ló ń ké. Iṣẹ́ rẹ̀ ni."

Ọ̀gá yíjú sí Àkúdàáyà. "Iṣẹ́ wo nìyẹn?"

"Fíìmù, sà. Ti ọ̀sán Sátidé." Ẹ̀jẹ̀ ló ń bá ọ̀rọ̀ náà jáde. "Èmi ni mo máa ń kú níbẹ̀."

Ọ̀gá yọ igi ìtayín lẹ́nu. "Èyí tí wọ́n gún lọ́bẹ níbi tó ti ń ya irun ńkọ́?"

"Èmi ni, sà."

"Ikú yẹn dáa," ó wí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ìyàwó mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà."

Àbúrò ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ojú ọkùnrin yìí lẹ fi ń wo ọ̀rọ̀ yìí!"

"Ojú mi ni mo fi ń wò ó, omidan. Èmi ni mo ni ín."

"Ibi tẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn ni mò ń sọ, sà. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹfọ̀n tó kan ọdẹ láti ibi tí ìwo ti wọ ọdẹ níkùn, ẹfọ̀n ló máa jẹ̀bi títí ayé. Kí ni ọdẹ ń wá nínú igbó? Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí láti ibi tó ti ṣí fèrèsé."

"Ooru ló mú, sà," Jẹ́jẹ́ sọ láti abẹ́ báńdéèjì. Ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. "Mo ti dárí jì í. Kí wọ́n ṣáà má jẹ́ kó pa mí."

Onígbàjámọ̀ fi etí aṣọ nu ojú.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ju igi ìtayín sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n tú obìnrin náà. "Ké," ó wí. "Ké bí o ṣe ń ké níbi iṣẹ́, kí n gbọ́ ohun tí àwọn ènìyàn yìí ń gbọ́." Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ìwádìí ló ń ṣe, àbí ó kàn fẹ́ gbọ́ ọ lójúkojú.

Àkúdàáyà fọwọ́ mú ìhà tó kán. Ó gba atẹ́gùn síkùn, ó la ẹnu tí eyín ti kán nínú rẹ̀, ó ké ti obìnrin inú ọkọ̀ ojú irin. Igbe náà dìde, ó nàró, ó kún inú àgọ́ náà dé òrùlé. Ọ̀daràn kan nínú àhámọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé òun ló jí i, kí wọ́n má pa òun. Wọn ò tíì bi í ohun tó jí. Àkúdàáyà gbé igbe náà gun òkè títí ó fi dé góńgó, ó wá rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ọmọ tó sùn.

Ìyá Ìsàlẹ̀ fọwọ́ ti orúnkún, ó dìde.

"Kì í ṣe èyí," ó wí.

"Kí ni kì í ṣe èyí, mà?"

"Èyí tí à ń gbọ́. Oríṣi méjì ni. Èyí tó ké báyìí, ó gùn, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ó dà bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ́ létí. Mo lè máa rán bọ́tìnì lọ tí mo bá ń gbọ́ ọ. Èkejì kì í gùn. Á bẹ̀rẹ̀, á gé lójijì, bí aṣọ tó fà ya, bí ìgbà tí wọ́n fi ọwọ́ dí ènìyàn lẹ́nu. Nǹkan á sì wó lulẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀."

"Ìgbà wo lẹ máa ń gbọ́ èkejì yìí?"

Ìyá Ìsàlẹ̀ ronú, ó sì rí ohun tó ń rò náà bó ṣe ń bọ̀. "Bí mọ́tò ọkọ rẹ̀ bá wà níta. Bí mọ́tò ò bá sí níta, èyí tó gùn ni." Ó wo ọwọ́ tó fi ń di ìgbálẹ̀ mú. "Èyí tó ń gé yẹn ni mo máa ń kan àjà fún. Mo máa ń sọ pé èyí dáa."

"Èmi ni mo ní kó fà á gùn," onígbàjámọ̀ sọ fún ilẹ̀. Ẹnì kankan ò bi í.

Ọ̀gá ọlọ́pàá dìde, ó yí tábìlì ká, ó ṣí kóòtù kúrò léjìká Jẹ́jẹ́. Kò fi bo ẹnikẹ́ni. Ó fi kọ́ ìṣó lára ògiri, ó sì ní kí wọ́n wá kọ́kọ́rọ́ àhámọ́ wá.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Jẹ́jẹ́ wá ní ẹgbẹẹgbẹ́. Ẹni tó wa mọ́tò wọ gọ́tà wá, ẹni tó gun pèpéle wá, gbogbo wọn jẹ́rìí pé kò jágbe mọ́ wọn rí. Adájọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn tìfẹ́tìfẹ́, ó sì ní kí olùkọ́ wọn lọ gbé níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ń wa mọ́tò. Ní yunifásítì, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ka iṣẹ́ ìwádìí tí àbúrò fi ìtàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kún tán, ó ní ó dára, ṣùgbọ́n akọni inú ìtàn náà dà? Àbúrò ní ó wà níbi iṣẹ́, wọ́n ń pa á lọ́wọ́. Wọ́n ní kó lọ tún iṣẹ́ náà kọ.

Òótọ́ ló sì sọ. Dókítà ti tún eyín ṣe, egungun ìhà ti jiná, Àkúdàáyà ti padà sídìí máìkì. Ibi tí nǹkan fi yàtọ̀ ni pé ó ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ báyìí, àti pé bó bá délé ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń kàn sílẹ̀kùn gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan kó tó ké: "Ẹ kú ilé o. Mo fẹ́ kú díẹ̀. Bí igbe mi bá gé lójijì, ẹ wá."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun àti Apààyàn lọ gbé àpótí rẹ̀ tí onígbàjámọ̀ ti bá a gbé pa mọ́ ní ṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ tí wọ́n mú un. Onígbàjámọ̀ nu àga lẹ́ẹ̀mejì kí Àkúdàáyà tó jókòó. Kò mọ ohun tó máa sọ, nítorí náà ó sọ̀rọ̀ púpọ̀.

"Àwọn tọkọtìyàwó kan ti gba òkè. Ènìyàn dáadáa lọkọ, olùkọ́ ilé ìwé ni, ẹ ò lè gbọ́ ohùn rẹ̀. Èmi ni mo bá wọn kó ẹrù gòkè. Kò tiẹ̀ pọ̀: ibùsùn kan, sítóòfù kan, àpò aṣọ. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń jókòó. Ẹ mọ̀ bí ìgbéyàwó tuntun ṣe ń rí."

Nǹkan lu ilẹ̀ lókè, gbì. Ohùn kan bẹ̀rẹ̀, ohùn tín-ín-rín. Kò parí. Ilẹ̀ tún dún, gbì.

Àkúdàáyà wo òkè. "Kí nìyẹn?"

"Àga ni," onígbàjámọ̀ dáhùn kíá. "Ó wù wọ́n kí wọ́n máa tún pálọ̀ tò. Ojoojúmọ́ ni."

Àkúdàáyà gbé àpótí kalẹ̀. Ó ti wà lórí àtẹ̀gùn kí ọkùnrin náà tó pa ẹnu dé, Apààyàn tí aáyán ń lé sì tẹ̀ lé e, ó rọ̀ mọ́ ọwọ́ àtẹ̀gùn, ó ń gòkè síbẹ̀. Onígbàjámọ̀ dúró nísàlẹ̀, abẹ lọ́wọ́, ó ń wo àjà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wa débí, ẹ̀yin náà ṣáà gbọ́ ẹrù tó bá wọn kó. Àga wo ni?